Afínpo ni tàbí Abẹ́rẹ́ Epo? Ọ̀rọ̀ Ìperí kan láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Atúnẹ̀rọṣe ní Basin, Ìlọrin

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni orúkọ tí ó yẹ kí á fún ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnì dísù tí àwọn atúnẹ̀rọṣe ń pè ní nọ́súlù. Iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 sì ti pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì kò lè rí tirẹ̀ mú níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tí epo ń kun lọ́wọ́ ni ó gbọ́dọ̀ lọ.

Kí òǹkàwé tó lè bá wa dá ẹjọ́ yìí, ó ní láti mọ iṣẹ́ tí nọ́súlù ń ṣe. Ẹ́ńjìnì tí Rudolf Diesel, ará Jámánì, dán wò tí ó sì yege ní 1897 kò ní púlọ́ọ̀gì. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítínì ń fún pọ̀ nínú sílíńdà. Nínú ẹ́ńjìnì òde òní, ààyè tí afẹ́fẹ́ náà wà lè dín sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún tàbí ogún. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ a máa gbóná ju 500°C lọ. Bí epo bá ti kàn án, iná ti sọ nìyẹn. Nọ́súlù ni ẹnu tí epo ń gbà wọlé. Abẹ́rẹ́ irin kan wà nínú rẹ̀ tí sípíríǹgì tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè dí ihò. Ìgbà tí epo tí páǹpù ń tì bọ̀ bá borí sípíríǹgì ni abẹ́rẹ́ yóò gbéra, tí epo yóò sì tú jáde bí ìkùukùu.

Ọ̀rọ̀ tí àwa fúnra wa kọ́kọ́ dá lábàá ni *abẹ́rẹ́ epo*. Orí tábìlì ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Orúkọ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí, àwa náà sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láìbèèrè. A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá kan tí ó ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe ní Basin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ọ̀gá tíṣà, bí ẹ bá pe gbogbo rẹ̀ ní abẹ́rẹ́, kí ni kí n wá máa pe abẹ́rẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀?” A kò rí èsì fọ̀.

Ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́rin kan wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà tí ń tú èéfín dúdú, tí ìró rẹ̀ kò sì dọ́gba. Ọ̀gá jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́, ó sì ń fi sípánà dẹ nọ́ọ̀tì páìpù nọ́súlù wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dẹ ti sílíńdà tí ara rẹ̀ dá, ohùn ẹ́ńjìnì á rẹlẹ̀. Èyí tí ó dẹ tí ohùn kò yí padà ni aláìsàn. Ó tú u, ó so ó mọ́ páǹpù ọlọ́wọ́ tí ó ní géèjì, ó sì tẹ ọwọ́ páǹpù náà. Ibí yìí ni a ti gbọ́ ohun tí ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí:

(1) Ó ń fín. (Epo ń tú jáde bí ìkùukùu, ó dára.)
(2) Ó ń tọ̀. (Epo ń jáde bí okùn.)
(3) Ó ń kán. (Ẹnu rẹ̀ ń sẹ epo nígbà tí ó yẹ kí ó dí.)
(4) Ó ń jò. (Epo ń gba ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ sá padà sẹ́yìn.)

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí kì í ṣe àdàpè ara wọn. Ọ̀pọ̀ nọ́súlù irú èyí ni ó ń ṣí láàrin 175 àti 250 bar, bí ìwé ẹ́ńjìnì bá ti là á sílẹ̀. Láti mọ̀ bóyá (3) ń ṣẹlẹ̀, a ó jẹ́ kí géèjì dúró ní nǹkan bí 10 bar sí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n tí ó fi ń ṣí, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ̀kán kan kò gbọdọ̀ já bọ́. Ti (4) yàtọ̀: ẹnu gbẹ, ṣùgbọ́n géèjì ń yára wálẹ̀. Ìwé atọ́ka tí ó bá túmọ̀ méjèèjì sí “jíjò” yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Láti inú (1) ni a ti rí *afínpo*: a- + fín + epo. Fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ nínú *epo* ni ó jẹ, gẹ́gẹ́ bí ti *ilé* ṣe jẹ nínú *kunlé*. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí a ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ kan na àtẹ́lẹwọ́ síwájú nọ́súlù kí ó lè mọ bí ó ti ń fín. Ọ̀gá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó pariwo pé: “Ó ń gún o!”

Òótọ́ ni. Epo tí a tì pẹ̀lú irú agbára bẹ́ẹ̀ a máa wọ inú awọ ara. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kò ju ibi tí abẹ́rẹ́ gún lọ, ó sì lè má dunni púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ abẹ kò bá tètè là á, ẹran ara lè kú, a sì lè gé ìka. Lọ́fíńdà ni à ń fín, oògùn ẹ̀fọn ni à ń fín. Ọ̀rọ̀ tí kò dẹ́rù bani ni *fín*. Abẹ́rẹ́ tí a ti kọ̀ sílẹ̀ mọ ohun kan tí afínpo kò mọ̀. Síbẹ̀ a kò padà sí i, nítorí ìbéèrè ọ̀gá ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a fi *gún* sínú gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú oríkì ọ̀rọ̀ náà: “Afínpo: ẹ̀yà ẹ́ńjìnì tí ń fín epo sínú sílíńdà pẹ̀lú agbára tí ó lè gún ara.” *Nọ́súlù* wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àyálò, *abẹ́rẹ́* sì dúró fún abẹ́rẹ́.

Ní ti pípààrọ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Abẹ́rẹ́ àti ilé rẹ̀ ni a jọ gbẹ́ fún ara wọn. A kì í pààrọ̀ ọ̀kan kí á fi èkejì sílẹ̀. Wọ́ṣà bàbà àtijọ́ a máa lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ihò, ẹni tí kò bá wá a yóò fi tuntun lé e lórí, atẹ́gùn gbígbóná yóò sì máa sá gba ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù, èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè ní *bílíìdì*. *Lé afẹ́fẹ́* tẹ́ wa lọ́rùn.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ọ̀gá mú nọ́súlù mìíràn wá láti ara ọkọ̀ tuntun kan. Iná mànàmáná ni ó ń ṣí irú èyí, agbára epo inú rẹ̀ sì ju 1,000 bar lọ. Páǹpù ọlọ́wọ́ kò lè dán an wò. A bi í pé kí ni ó ń pè é. Ó ní òun kò tíì pè é ní nǹkan kan.