Àgádágodo Kò Ṣẹ̀, Ibi Tí A Fi Í Kọ́ Ló Ṣẹ̀

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni.

Láìpẹ́ yìí la lọ kí ìyá kan, ọmọ Ọ̀fà, tó ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ nítòsí Òpópó Yorùbá ní Sábó Gàrí. Olè ti wá kí i lóru. Nígbà tí a ó fi débẹ̀, èrò ti kún iwájú ṣọ́ọ̀bù, kálukú sì ń sọ tirẹ̀. Ẹnì kan ní ọlọ́dẹ ló mọ̀ nípa ẹ̀, òmíràn ní òògùn ni wọ́n fi ṣí i. Ìyá náà kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Orí kéréètì ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló jókòó sí, ó kó àgádágodo mẹ́ta lé ẹsẹ̀. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé àgádágodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà ní títì gbọin-gbọin. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ rẹ̀ ló rà á ránṣẹ́ láti Èkó, owó ńlá ló sì fi rà á. Olè kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi í kọ́ lára ilẹ̀kùn ni wọ́n fi ọ̀pá irin hú kúrò lára pákó, tìṣó-tìṣó, tí gbogbo rẹ̀ sì jábọ́ pọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Hausa kan tó ń jó irin ní ẹ̀yìn òpópó ni wọ́n pè wá. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo àgádágodo, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní: "Mama, kwaɗo bai yi laifi ba." Ó ní àgádágodo kò ṣẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí mọ̀ pé orúkọ kan náà ni àwọn Hausa ń pe àgádágodo àti ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ìyá yìí lágbára lóòótọ́, àmọ́ orí ewé ló jókòó sí.

Láti ọjọ́ náà la ti ń fọwọ́ mi ilẹ̀kùn àwọn ènìyàn wa wò, pẹ̀lú àṣẹ wọn o. Ohun tí a rí ni pé ẹni tó kó àgádágodo mẹ́rin sẹ́nu ọ̀nà, tirẹ̀ ló sábà máa ń mì jù. Owó tó yẹ kó ná sára ilẹ̀kùn ló fi ń ra àgádágodo kún àgádágodo. Láti ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀, iye tí wọ́n ń ta irin kò ṣe é gbọ́ sétí mọ́. Ẹni tó bá ní kí ìyá tó ń ta ṣúgà lọ ṣe ilẹ̀kùn irin tuntun, ó fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ èyí tí agbára wa ká.

Bí ilẹ̀kùn yín bá jẹ́ pákó, ẹ wo irin tí ẹ fi kọ́ àgádágodo. Bó bá jẹ́ ìṣó ni wọ́n fi kàn án, ẹ mọ̀ pé kò tíì sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ lu ihò já sí inú, kí ẹ fi bóòtù olórí rìbìtì dè é, kí orí rẹ̀ wà níta, kí nọ́ọ̀tì wà nínú. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ kékeré sábẹ́ nọ́ọ̀tì kó má baà rì wọnú pákó bí wọ́n bá ń fà á látìta. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é tán, ẹ fi òòlù lu imú bóòtù náà kó fẹ̀, nọ́ọ̀tì ò ní lè yí kúrò mọ́. Bóòtù mẹ́rin ti tó, owó rẹ̀ kò sì tó ti àgádágodo kan tó dáa.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn irin, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń jó irin ní ojú méjì péré, tí wọ́n á sì sáré fi ọ̀dà bò ó. Kí ẹ sọ fún un kó jó o yípo, kí ẹ sì rí i kó tó kùn ún. Ẹ ní kó wá àgékù páìpù tàbí irin fífẹ̀ kan, kó jó o mọ́ ibi tí àgádágodo ń gbé, kó dà bí àpótí tí kò ní ìsàlẹ̀. Ọwọ́ yín á gba abẹ́ wọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ohun tí wọ́n fi ń gé irin kò ní ráyè débẹ̀. Bí ẹ bá lọ sí Kofar Ruwa, ẹ bèèrè àgékù, ẹ má bèèrè odindi irin.

Ó tún ku ẹ̀gbẹ́ kejì. Gbogbo wa ni a máa ń wo ibi tí àgádágodo wà, a kì í wo hínjì. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta, hínjì rẹ̀ ò sí nínú, ìta ló wà níwájú olè. Bí olè bá yọ igi àárín rẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí láti ẹ̀yìn, àgádágodo á sì wà níbẹ̀ tí yóò máa wòran. Kí alájórin jó orí igi hínjì náà pa. Kó tún jó irin kúkúrú mẹ́ta sí ara ilẹ̀kùn ní ìhà hínjì, kó lu ihò mẹ́ta sára férémù, tí ó jẹ́ pé bí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, irin wọ̀nyí á wọnú ihò. Bí wọ́n tilẹ̀ gé hínjì dànù, ilẹ̀kùn kò ní kúrò.

Férémù ńkọ́? Ẹ ti ilẹ̀kùn yín, kí ẹ fi èjìká tì í. Bí sìmẹ́ńtì bá ń já bọ́, férémù yín kò di ògiri mú. Ẹ la ihò búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi irin sí i, kí ẹ po kọnkéré dí i. Bó bá jẹ́ pákó, ẹ fi ọ̀bẹ gún ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Ikán ìlú yìí kì í fọn fèrè kó tó jẹun.

Ẹ̀yin tí ilẹ̀kùn yín jẹ́ alápá méjì, ẹ wo ihò ilẹ̀ tí ọ̀pá apá kan ń wọ̀. Ọyẹ́ Kánò ti fi iyanrìn dí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ rò pé ọ̀pá ti wọlé, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ lásán ló kan ilẹ̀. Ẹ gbọn iyanrìn náà kúrò, kí ọ̀pá rí ìwọ̀n íǹṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin wọlé. Eruku ọyẹ́ yìí kan náà ló ń mú kí kọ́kọ́rọ́ há. Ẹ má da òróró sínú àgádágodo, ńṣe ni yóò so eruku mọ́ra. Ẹ ha dúdú inú pẹ́ńsù sára kọ́kọ́rọ́, kí ẹ máa tì í, kí ẹ máa ṣí i, yóò yọ̀.

Ọ̀rọ̀ onílé wà níbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ wa ló yá ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀kùn kì í ṣe tiwa. Kí ẹ tó jó ohunkóhun, ẹ lọ bá onílé, kí ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá yóò yọ ọ́ nínú owó ilé, tàbí kí ẹ lè kó irin yín lọ bí ẹ bá ń kó jáde. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹjọ́ ló fi owó rẹ̀ rà.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú ká jókòó kọ èyí kò sí nínú gbogbo ohun tí a ti sọ yìí. Nígbà tí èrò túká, ìyá ọmọ Ọ̀fà yìí fọhùn sí wa létí. Ó ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí olè tó wá, ọmọ àbúrò òun ló ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù náà, òun sì máa ń fi àgádágodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tì í mọ́bẹ̀ látìta. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun nílé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, kì í ṣe òun nìkan. A ń ti ọmọ mọ́ àárín ọjà, pẹ̀lú òògùn ẹ̀fọn tó ń jó, nígbà mìíràn pẹ̀lú àbẹ́là tàbí jẹnẹrétọ̀ tí èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn lójú oorun. Ṣé a ti gbàgbé iná tó jó ọjà Sábó Gàrí ní oṣù kẹta ọdún 2016, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù lọ sí i? Ọmọ tí a tì mọ́lé látìta, ta ni yóò wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nínú irú òru bẹ́ẹ̀? Bí ẹnikẹ́ni bá máa sùn nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pá ìdábùú inú ni kó fi tì í, èyí tí yóò fà láìwá kọ́kọ́rọ́, nínú òkùnkùn. Kò gbọdọ̀ sí àgádágodo kankan níta. Tí kò bá ṣeé ṣe, kí ọmọ lọ sùn nílé, kí ẹ dá owó ọlọ́dẹ pẹ̀lú àwọn ará ìlà yín, kí ẹ sì fi iná kékeré tó ń gba agbára oòrùn sókè ẹnu ọ̀nà.

A padà lọ sọ́dọ̀ ìyá náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti fi bóòtù de irin ilẹ̀kùn rẹ̀, àpótí kékeré sì ti wà lórí rẹ̀. Àgádágodo kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, èyí tó ti Èkó wá. Nínú méjì tó kù, ọ̀kan wà lára fírísà, ó ní òun ń wá ẹni tó máa ra èkejì. Ọmọ náà ti ń sùn nílé.