OWÓ AJÍLẸ̀ ÀTI OÚNJẸ ILẸ̀

Ilẹ̀ pẹ̀lú a máa jẹun. Oúnjẹ mẹ́ta pàtàkì ni ajílẹ̀ inú àpò ń gbé wá fún un: náítírójìn, tí ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, fọ́sífétì, tí ń mú gbòǹgbò ta, àti pọ́táàṣì, tí ń fún ohun ọ̀gbìn ní agbára. Bí ọ̀kan bá ṣe aláìtó, ọ̀pọ̀ èkejì kò lè dí ipò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ kò ti lè ṣe iṣẹ́ epo nínú ọbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìní ilẹ̀ nìkan ni àgbẹ̀ ń rò nígbà tí ó bá fẹ́ ra ajílẹ̀. A máa bi ara rẹ̀ pé: Èló ni àpò kan? Èló ni a ó sì ra ọkà mi?

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ a máa wí pé, fún kílò 1 pọ́táàṣì, ó yẹ kí a lo kílò 2 fọ́sífétì àti kílò 4 náítírójìn. Ní oṣù August 1992, ìjọba mú ọwọ́ kúrò lórí iye owó fọ́sífétì àti pọ́táàṣì, ṣùgbọ́n wọ́n di ti yùríà mú, èyí tí í ṣe ajílẹ̀ náítírójìn. Àwọn méjì ìṣáájú wọ́n gógó, àgbẹ̀ sì dín wọn kù. Náítírójìn tí ó jẹ́ kílò 5.9 sí kílò 1 pọ́táàṣì ní 1991-92 di 9.5 ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ní 2010, ìjọba gbé ètò ìrànwọ́ titun kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún yọ yùríà sọ́tọ̀. Ìwọ̀n 4.3 ti 2009-10 sì di 8.2 ní 2012-13.

A kò gbọdọ̀ pe àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ní òpè. Èrè yùríà a máa hàn lára ewé láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àìní pọ́táàṣì a máa pẹ́ kí ó tó farahàn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó yóò ra èyí tí ojú rẹ̀ rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní oko, ẹ má ṣe fi iye owó àpò nìkan ṣe ìṣirò. Àpò yùríà 50 kílò ní náítírójìn kílò 23. Àpò tí a kọ 15-15-15 sí lára ní kílò 7.5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tí ó mọ ìṣirò bá yín pín in. Kí àwọn tí ń gbé owó lé ajílẹ̀ sì rántí pé àwọn ni wọ́n ń bu oúnjẹ fún ilẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ di ọkọ́ mú rí.