Kí Ni Ọ̀mọ̀wé Tún Ń Kọ́ Nípa Jẹjẹrẹ?

Ìyá Tóyìn, ẹ ní ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n ti ń pè é ní Dókítà, kí ló tún wá ń lọ kọ́ nípa jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà? Ṣé èyí tó kọ́ tẹ́lẹ̀ kò tó ni? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń béèrè bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn.

Ẹ ti rí télọ̀ tó gba fìrídọ́ọ̀mù, tó mọ aṣọ rán dáadáa, àmọ́ tí kò tíì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Á lọ jókòó ti ọ̀gá mìíràn, á máa gbowó iṣẹ́, á sì máa fojú kọ́ èyí tí ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́ kò mọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní postdoc nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe é kì í san owó ilé-ìwé, ilé-iṣẹ́ tó gbà á ló ń sanwó oṣù fún un. Lẹ́bàá ìlú Washington, National Cancer Institute, ilé-iṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ ti ìjọba Amẹ́ríkà, dá irú ètò yìí sílẹ̀ ní 1987 fún àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe lè dènà jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ wọn á kọ́kọ́ lọ gba oyè másítà nínú ìlera ará ìlú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá jókòó ti olùwádìí àgbà. Oníṣègùn wà nínú wọn, kódà lọ́yà lè wọlé. Ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, àjọ IARC tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dá sílẹ̀ ní 1965 náà ń gba irú wọn.

Kí wá ni wọ́n ń kọ́? Dókítà tó wà ní wọ́ọ̀dù, aláìsàn kọ̀ọ̀kan ló ń wò. Ẹni tó ń ṣe epidẹmiọ́lọ́jì ń wo ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀, àti ẹni tí ara rẹ̀ le àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Ó fẹ́ mọ àwọn tí jẹjẹrẹ mú àti àwọn tí kò mú, àti ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jù ni yíyan àwọn tí a ó fi wé aláìsàn. Bí ìyẹn bá wọ́, gbogbo ìṣirò tó tẹ̀lé e á wọ́.

Ní 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill tẹ ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá ènìyàn 709 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́nu wò ní ọsibítù, wọ́n sì wá 709 mìíràn tí àìsàn tiwọn yàtọ̀, tí ọjọ́ orí wọn bára mu, ọkùnrin sí ọkùnrin, obìnrin sí obìnrin. Nínú ọkùnrin 649 tó ní jẹjẹrẹ náà, méjì péré ni kì í mu tábà. Nínú ọkùnrin 649 tí wọ́n fi wé wọn, 27 ni. Ẹnì kan lè sọ pé àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ti mọ ẹni tó ní jẹjẹrẹ, pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ nínú títí tó fi jẹ́wọ́ sìgá. Àmọ́ àwọn kan wà láàárín àwọn aláìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe, tí àyẹ̀wò wá fi hàn pé kì í ṣe òun. Doll àti Hill yẹ ìdáhùn àwọn yìí wò lọ́tọ̀, wọ́n sì rí i pé tábà mímu wọn jọ ti àwọn tí kò ní jẹjẹrẹ náà. Àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kò ṣègbè. Irú ojú tó ń ríran báyìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lọ ń wá.

Ìwádìí tó kan ilé wa tààrà wá láti Costa Rica. HPV ni fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, ìbálòpọ̀ ló sì fi ń ràn. Láti 2004 sí 2005, àwọn olùwádìí ibẹ̀ àti ti National Cancer Institute kó obìnrin 7,466 jọ, ọmọ ọdún 18 sí 25. Wọ́n fún apá kan ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, wọ́n fún apá kejì ní ti hepatitis A. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kí olúkúlùkù gbà á láàárín oṣù mẹ́fà. Àmọ́ àwọn kan lóyún kí wọ́n tó gba èkejì, wọ́n sì ní láti dúró; àwọn mìíràn dúró nítorí ìdí mìíràn. Olùwádìí tó bá ń kánjú lè yọ irú wọn dànù, pé wọ́n ti ba iṣẹ́ jẹ́. Aimée Kreimer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò yọ wọ́n. Wọ́n tẹ̀lé wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Nínú 196 tó gba abẹ́rẹ́ HPV lẹ́ẹ̀kan péré, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí HPV 16 tàbí 18, àwọn méjì tó burú jù, wọ̀ lára tó sì jókòó síbẹ̀. Nínú 188 tó gba ti hepatitis lẹ́ẹ̀kan péré, ó jókòó sára ẹni mẹ́wàá.

Ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ yìí á ti máa pariwo káàkiri. Ẹni tó gbà á á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá àwọn tó gba ẹyọ kan kò yàtọ̀ sí àwọn tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ẹni tó gba HPV lẹ́ẹ̀kan wé ẹni tó gba hepatitis lẹ́ẹ̀kan, tí òun náà kò parí tirẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n kéré níye. 2011 ni wọ́n tẹ èsì náà jáde. Ó di 2022 kí ìwádìí mìíràn ní Kenya tó tì í lẹ́yìn, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì gbà pé ẹ̀ẹ̀kan lè tó. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù Kẹwàá 2023, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ká ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ìyá mélòó ló máa ráyè kúrò lọ́jà lẹ́ẹ̀mẹta?

Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan ni iṣẹ́ yìí wà. Láti 1998 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn tó wà ní Chicago, àti àwọn oníṣègùn ọsibítù UCH ti ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ọmú n'Ìbàdàn. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó bi ìyá àgbà kan pé ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí. Wọ́n á ní àwọn kò mọ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ kọ "kò mọ̀" sílẹ̀ kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti dàgbà tó ẹni tó ń lọ odò nígbà òmìnira. Ọmọ wo ló wà lẹ́yìn wọn nígbà tí owó yí padà láti pọ́n-ùn sí náírà ní 1973. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa ṣírò bọ̀. Ìyá tí jẹjẹrẹ ń ṣe á dáhùn kíákíá, nítorí òru àìsùn ti mú kó ro gbogbo ohun tó jẹ àti ohun tó lò láti kékeré. Ìyá tí ara rẹ̀ le kò ro nǹkan kan. Bí ẹ kò bá fún àwọn méjèèjì ní àkókò kan náà àti sùúrù kan náà, ẹ ó di ẹ̀bi ru ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ní UCH kan náà, láti 1960 ni wọ́n ti ní rẹ́jísítà jẹjẹrẹ, tí wọ́n ń kọ àwọn tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ lára wọn sílẹ̀: ọjọ́ orí, àdúgbò, ibi tí jẹjẹrẹ wà lára. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ṣe é. Àmọ́ ọgọ́rùn-ún aláìsàn nínú ìlú ẹlẹ́gbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún nínú ìlú oní-mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ sì ni 2006 ni wọ́n ka àwa ará Nàìjíríà kẹ́yìn. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bá padà wálé, kò dájú pé ẹ̀rọ olówó ńlá ló máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Á ní kí wọ́n ka èèyàn, kí wọ́n sì máa sanwó oṣù àwọn tó ń kọ rẹ́jísítà déédéé.