Abẹ́rẹ́ Àjọkẹ́: Ṣé Ológbò Tí Kì Í Jáde Nílé Nílò Àjẹsára?

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà tí ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa fa ìrù Àjọkẹ́. Àjọkẹ́ yíjú padà, ó sì gé e jẹ lọ́wọ́. Ojú eyín méjì péré ni, ẹ̀jẹ̀ tó jáde kò sì tó nǹkan. Ọmọ náà kò tilẹ̀ sunkún pẹ́. Ìyá rẹ̀ ló gbé ìbéèrè tí n kò lè dáhùn kalẹ̀: “Àbúrò mi, ṣé ẹ ti fún ológbò yín ní abẹ́rẹ́?”

Èmi àti àbúrò mi la jọ ń kẹ́ ológbò náà, ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ ní Àjọkẹ́. Ẹni tí ó gbé yàrá wa ṣáájú wa ló fi í sílẹ̀ nígbà tí ó ń lọ sí Kánádà. Ó fi abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi àpótí iyanrìn tí ó ń yàgbẹ́ sí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Dókítà ẹran tó wo eyín rẹ̀ lẹ́yìn náà fojú bù ú pé yóò tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Ní gbogbo oṣù mẹ́jọ tí ó ti wà lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ ìta. Ohun tí a ń sọ fún ara wa ni pé, ológbò tí kì í jáde, àrùn wo ni yóò ti ibo kó?

Lóòótọ́, Àjọkẹ́ kì í jáde, ṣùgbọ́n ìta kì í yéé wọlé tọ̀ ọ́. Ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá ni tiwa ní Ailegun. Bí iná bá ti lọ, gbogbo ilẹ̀kùn a di ṣíṣí nítorí ooru. Nígbà òjò, eku a gba ojú gọ́tà wọlé. Àwọn ológbò méjì kan tí kò ní olówó máa ń jókòó sórí ògiri ọgbà, wọ́n a sì máa fi imú kan imú Àjọkẹ́ lára nẹ́ẹ̀tì fèrèsé. Àwa fúnra wa ń fi bàtà tí a wọ̀ gba inú ẹrọ̀fọ̀ Òkè-Àfà kọjá wọ inú yàrá. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí mo ti kà nípa ológbò inú ilé, fúláàtì àjà kẹjọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Toronto ni òǹkọ̀wé rẹ̀ ní lọ́kàn. Ohun tí “inú ilé” túmọ̀ sí lọ́hùn-ún yàtọ̀ sí ohun tí ó túmọ̀ sí ní Oṣòdì àti Ìsọlọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí a ṣe dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú eyín náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Lẹ́yìn náà la gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì sọ ọjọ́ tí yóò padà wá gba èyí tó kù. Wọ́n ní kí a ti ológbò mọ́lé, kí a sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ìdí rẹ̀ nìyí: bí kòkòrò àrùn dìgbòlugi bá ti wà nínú itọ́ ajá tàbí ológbò nígbà tí ó gé ènìyàn jẹ, ẹran náà yóò ṣàìsàn, yóò sì kú láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ó bá yè é kọjá, ọkàn gbogbo wa á balẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì ka irú ọjọ́ mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ bí ó ti gùn tó. Bí Àjọkẹ́ bá ti sùn pẹ́, a ó jí i. Bí ó bá jí tán tí ó kígbe, a ó wo ojú ara wa. Ìyá ọmọ náà ń kí wa láràárọ̀ bí ó ti ń kí wa tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn “Ẹ káàárọ̀” ni yóò béèrè pé, “Ó jẹun?”

Dìgbòlugi kì í ṣe àrùn tí à ń fi ṣeré. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dọọdún, Áfíríkà àti Éṣíà ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn sì wà. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó bá pa, nǹkan bí mẹ́rin ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Láti ara ajá ni ó ti sábà máa ń wá, ṣùgbọ́n ajá tí ó gé ènìyàn jẹ lè gé ológbò jẹ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti fún ọmọdékùnrin kan, Joseph Meister, ní abẹ́rẹ́ ní Paris ni ayé ti mọ̀ pé a lè dènà rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, a gbé Àjọkẹ́ sínú agbọ̀n, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Mo rò pé yóò gún un lábẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní bí òun bá fún un ní abẹ́rẹ́ nísinsìnyí, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, a kò ní mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ló fà á tàbí dìgbòlugi. Kí a padà wá bí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé.

Ní àárín ìgbà náà ni ìyá mi pè mí. “Abẹ́rẹ́? Fún ológbò? Ìwọ ọmọ yìí, ọjọ́ wo ni ìwọ alára dé ọ̀dọ̀ dókítà gbẹ̀yìn?” Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ológbò ni kí ó lé eku kúrò nínú àká, kí ó sì wá ibi sùn. Bíi ti ọ̀pọ̀ àgbà wa, kò sì fẹ́ràn kí ológbò máa wo òun lójú lóru. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ológbò àti àwọn ìyá. N kò bá a jiyàn. Mo kàn sọ fún un pé ọmọ ọlọ́mọ ni ó gé jẹ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ tètè lọ gún un.”

Ọjọ́ mẹ́wàá pé, Àjọkẹ́ ń jẹun, ó ń ṣeré. A padà sọ́dọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ wá di èwo ni kí a gbà nínú àwọn abẹ́rẹ́ tó wà.

Lórí dìgbòlugi, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ó gún ológbò tó ti dàgbà, a ó tún un gún lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn náà a ó tẹ̀lé irú oògùn tí a lò: òmíràn wà fún ọdọọdún, òmíràn fún ọdún mẹ́ta mẹ́ta.

Èkejì ni alápapọ̀ mẹ́ta. Méjì nínú àrùn tí ó ń bá jà jẹ́ ti ọ̀fìnkìn àwọn ológbò. Abẹ́rẹ́ náà kì í fi gbogbo ìgbà dènà wọn pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń dín agbára wọn kù. Ẹ̀kẹta ló bà mí lẹ́rù, ìyẹn àrùn tí ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ológbò, tí ń mú un bì, tí ń mú un yàgbẹ́ gbuuru. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n bàtà ènìyàn lè gbé e wọlé, ó sì lè wà nílẹ̀ fún ọdún kan láìkú. Mo rántí ẹrọ̀fọ̀ Òkè-Àfà. Níwọ̀n ìgbà tí a kò mọ ìtàn Àjọkẹ́, dókítà ní ìgbà méjì ni yóò gbà á, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta síra. Lẹ́yìn èyí tí a ó fi kún un ní ọdún tó ń bọ̀, ó di ọdún mẹ́ta mẹ́ta fún irú ológbò tí kì í bá òmíràn rìn. Àwọn kan ṣì ń gún un lọ́dọọdún; ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kẹta ni ti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ológbò, èyí tí itọ́ àti ìgéjẹ ń gbé láti ara ológbò kan sí òmíràn. Èyí ni a kò gbà. Àgbà ológbò kì í tètè kó o bí ọmọ rẹ̀, a sì ti fi pátákó dí ìsàlẹ̀ fèrèsé náà. Bí a bá mú ológbò mìíràn wọlé lọ́la, a ó tún un rò.

Mo béèrè nípa ewu. Oorun àti àárẹ̀ ọjọ́ kan sí méjì kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Bí ojú bá wú, tí ó ń bì tàbí tí èémí rẹ̀ le, ẹ gbé e padà lójú ẹsẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n gidi, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ lè yọ níbi tí a gún abẹ́rẹ́ sí, nítorí náà ni dókítà ṣe gún un sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ dípò ẹ̀yìn ọrùn. Kókó tí kò bá lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tàbí tí ó ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, tàbí tí ó ṣì ń tóbi lẹ́yìn oṣù kan, dókítà gbọ́dọ̀ rí i.

Ìbéèrè kan wà tí ojú ń ti ènìyàn láti béèrè ní Èkó: níbo ni oògùn náà ń sùn? Òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 ni abẹ́rẹ́ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà, yálà iléeṣẹ́ ìwádìí ẹran ní Vom ló ṣe é tàbí òkè òkun ló ti wá. Mo béèrè. Dókítà kò bínú. Ó ṣí fíríìjì, ó fi ohun tí ń wọn òtútù inú rẹ̀ hàn mí, ó sì nawọ́ sí ẹ̀rọ tí ń fa iná oòrùn.

Ó fún wa ní káàdì, ó kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà oògùn sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtijáde kúrò ní Nàìjíríà, ẹ má fi káàdì yìí ṣeré. Bí ẹ bá fẹ́ mú ológbò yín lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, a ó kọ́kọ́ fi máíkírótíìpù sí i lára, a ó gún un ní ti dìgbòlugi, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó kéré tán, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, a ó sì dúró oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀. Físà lè jáde kí ológbò tó ṣe tán.

Gbogbo ohun tí a san fún Àjọkẹ́ kò tó ìdá mẹ́ta owó abẹ́rẹ́ ọmọ náà, èyí tí àwa náà san. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni yóò gba alápapọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ náà ti ń padà wá sí yàrá wa. Lánàá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó ní òun kàn fẹ́ máa wò ó ni.