Ṣé O Mọ̀ Pé Iná Ilé Ìwòsàn Máa Ń Dá Sí Ọ̀rọ̀ Ọkàn?

Ṣé o mọ̀ pé iná tí ọkàn ń tan jáde sí awọ ara kò ju nǹkan bíi mílífóòtì kan lọ? Fóòtì kan àtààbọ̀ ni ti bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ yìí ni ẹ̀rọ ECG, tó ń ka iná ọkàn, ń wá, nínú yàrá tí wáyà iná 230 fóòtì yí po. Iná ara ògiri kò sì nílò kó fọwọ́ kan aláìsàn. Afẹ́fẹ́ ló ń gbà wọ ara rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ariwo tí iná ògiri yìí ń kó bá ohùn ọkàn ní àmì ìdánimọ̀? Ní Nàìjíríà, iná ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà, ìgbà 60 ni. Ibẹ̀ gan-an ni asẹ́ inú ẹ̀rọ ti ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá wọ jẹnẹrétọ̀ kékeré lọ́rùn, yíyí rẹ̀ á falẹ̀, ariwo á sì yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà asẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé wáyà tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún kì í ka ọkàn rárá? Èyí ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń gbọ́ ariwo tó kárí ara, wọ́n á yí i lódì, wọ́n á sì gba ẹsẹ̀ ọ̀tún dá a padà sínú ara. Ariwo àti òdì rẹ̀ á pàdé, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́. Iná tó ń gba ibẹ̀ kéré débi pé aláìsàn kì í mọ̀ ọ́n lára.

Ṣé o mọ̀ pé ní Boston, àwọn tó gbé MIT-BIH, àkójọ ìgbàsílẹ̀ ìlù ọkàn, jáde ní 1980 mú ìwọ̀n ọkàn nígbà 360 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, kí ó lè rọrùn láti yọ ariwo 60 kúrò? 60 wọ inú 360 lẹ́ẹ̀mẹfà géérégé. Bátìrì ni ẹ̀rọ téèpù tí àwọn aláìsàn gbé kọ́ra ń lò, síbẹ̀ ariwo wọlé: ìgbà tí wọ́n ń gbọ́ téèpù padà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wọ ibẹ̀. Àwọn téèpù tí wọ́n sì sáré gbọ́ ní ìlọ́po méjì, 30 ni ariwo ti ń yọjú níbẹ̀, kì í ṣe 60. Ẹni tó bá dẹ asẹ́ sí 60 nìkan ti pàdánù ẹran rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé asẹ́ tó mú jù lè yí ìrísí ọkàn gan-an padà? Ó lè fi ìgbì kéékèèké sílẹ̀ lẹ́yìn ṣóńṣó gíga tí ọkàn bá yà. Nítorí náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó fọwọ́ kan asẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ nu awọ ara, wọ́n á wo àlẹ̀mọ́ tó tú, wọ́n á yọ ẹ̀rọ kúrò nínú iná ògiri, wọ́n á sì fi bátìrì rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí o bá gba bébà ECG tìrẹ, wo etí rẹ̀ nísàlẹ̀: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń tẹ irú asẹ́ tí wọ́n lò sí.