Orin Lójú Ọ̀sà: Bí A Ṣe Fi ₦250,000 Tún Ẹ̀rọ Orin Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe

Orin ló kọ́kọ́ kú. Ohùn olórin náà fà, ó rẹlẹ̀ bí ẹni tí oorun ń gbé lọ, ó sì dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ tí wọ́n háyà ọkọ̀ ojú omi ẹ̀gbọ́n mi fún ayẹyẹ ọjọ́ ìbí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi tàn án padà. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì, a gbọ́ "tẹ́", a kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Wọ́n tún un yí. "Tẹ́."

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, à ń bọ̀ láti Tarkwa Bay. A ti pa ẹ́ńjìnnì fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan kí àwọn oníbàárà wa lè jó, kí wọ́n sì ya fọ́tò. Ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń gbà wọ èbúté Àpápá ni a dúró sí, ṣùgbọ́n omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni; ó ti rọra gbé wa sún mọ́ ojú ọ̀nà gan-an. Ọkọ̀ akẹ́rù kan sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí fèrè ọkọ̀ láti fun ún, fèrè kò dún. Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi pé bátìrì kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀ náà: òun ló ń yí ẹ́ńjìnnì, òun ló ń fun fèrè, òun ló ń tan iná alẹ́, òun náà sì ni ẹ̀rọ orin ti ń mu láti àárọ̀ bí ọmọ ṣe ń mu ọyàn.

Wọ́n ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, wọ́n wé okùn mọ́ ọn, wọ́n fà á. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó gbà. Ọkọ̀ akẹ́rù náà kọjá, kò sún mọ́ wa tó bí ẹ̀rù ṣe bà wá tó, ṣùgbọ́n ìgbì rẹ̀ gbé wa sókè sódò títí ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò sí ẹni tí ó tún béèrè orin títí a fi gúnlẹ̀.

"Yọ ọ́ dànù." Bí Bàbá wa ṣe dá ẹjọ́ náà nìyẹn nígbà tí a délé ní Ìkòròdú. Àwọn ló tu ọkọ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó gbà á lọ́wọ́ wọn. "Orin kan kò dún nínú ọkọ̀ tèmi rí, ebi kò sì pa yín."

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó fèsì. "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n owó tí àwọn òṣìṣẹ́ ń san láàárọ̀ láti Ìpakodo dé Èbúté Èrò, epo ló ń gbé e mì. Àwọn aláyẹyẹ ọjọ́ Sátidé ló ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Bí wọn kò bá bá orin nínú ọkọ̀ mi, èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọn yóò wọ̀."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló la ìjà náà. Ó ní òun lè yọ ₦250,000 nínú àjọ òun, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ lé e. Ó wá yíjú sí mi: "Ìwọ tí o mọ ìwé, bá wa wádìí rẹ̀." Mo fẹ́ sọ fún un pé ìwé tí mo mọ̀ dá lórí oríkì àti gbólóhùn, kò dá lórí wáyà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ irú àwáwí bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí Yorùbá?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kàwé, tí mo fi bi àwọn oníṣẹ́ iná léèrè, tí mo fi rìn kiri ọjà Alábà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ni pé ibi tí owó náà yóò lọ jù kò ní í ṣe pẹ̀lú orin rárá. Bátìrì kejì ni. A ra tuntun ní ₦105,000, fólítì 12, áńpíà-wákàtí 60, irú èyí tí wọ́n ṣe fún mímú iná jáde díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bátìrì mọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún, kí ó yí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ́ńjìnnì sì tún rọ iná padà sínú rẹ̀. Bí a bá ń fi orin gbẹ ẹ́ lójoojúmọ́, kì í pẹ́ kú.

Bátìrì tuntun yìí kò bá ẹ́ńjìnnì da nǹkan kan pọ̀. Orin nìkan ló wà fún. Bí ó bá kú, orin ló kú. Ẹ́ńjìnnì, fèrè àti iná alẹ́ wà níbi tí wọ́n wà. Ẹ̀rọ kan wà tí ó lè jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa rọ iná sí bátìrì méjèèjì láìjẹ́ kí ọ̀kan fa èkejì gbẹ, ṣùgbọ́n owó wa kò gbé e. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi ń gbé bátìrì orin lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n a fi ṣájà rọ ọ́, bí iná ìjọba bá wà tàbí bí aládùúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ̀rọ orin wa ń fa nǹkan bí áńpíà 4 bí a kò bá fi ariwo ṣe é. Ìdajì 60 ni 30; ẹ pín in sí 4, ó di wákàtí méje ààbọ̀. Ìdajì ni mo fi ṣírò nítorí bátìrì olójé kì í fẹ́ kí a gbẹ òun tán. A tún ra mítà kékeré kan tí ń fi fólítì hàn. Bí bátìrì bá kún, tí ohunkóhun kò sì fà á, nǹkan bí 12.7 ni yóò kọ. Bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀ dé 12.2, ìdajì ti lọ nìyẹn.

Nígbà tí ó kan sípíkà àti áńpílífáyà, ẹ̀rọ tí ń bu agbára kún ohùn, ni mo rí idán. Òǹtajà kan gbé áńpílífáyà kan tí kò tóbi ju ìwé Bíbélì lọ fún mi, wọ́n kọ wáàtì 1,000 gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: fíúsì áńpíà 15 ló wà níbẹ̀. Ẹ wò ó, fólítì 12 ní ìlọ́po áńpíà 15 jẹ́ wáàtì 180. Kí fíúsì náà tó jó, ẹ̀rọ yẹn kò lè máa gba ju ìyẹn lọ láti inú bátìrì, ohun tí yóò sì jáde gẹ́gẹ́ bí ohùn kò lè tó ohun tí ó wọlé. Níbo ni 820 yòókù yóò ti wá? Òǹtajà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́." A na ọjà, mo sì san ₦32,000 fún èyí tí ó kéré sí i, tí ó ní Bluetooth nínú, tí iye wáàtì ara rẹ̀ sì bá fíúsì rẹ̀ mu.

Ohun tí ó yẹ kí a máa wò lára sípíkà ju wáàtì lọ ni iye dẹ́síbẹ̀lì tí ó ń mú jáde bí a bá fún un ní wáàtì 1, tí a sì dúró ní mítà 1 sí i. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 89, tí èkejì sì jẹ́ 92, àlàfo dẹ́síbẹ̀lì 3 yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré: èyí tí ó jẹ́ 89 yóò nílò ìlọ́po méjì agbára iná kí ó tó dún bí èyí tí ó jẹ́ 92. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ibẹ̀ ni kí ó ti jèrè.

Sípíkà mọ́tò tí ó wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ti fi ohun tí omi ń ṣe hàn wá. Pépà ni ojú rẹ̀, pépà náà ti mu omi, ó ti wú, irin ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti dípẹtà. Ti ojú omi, ike ni wọ́n fi ń ṣe ojú rẹ̀, rọ́bà ni etí rẹ̀, wọ́n sì ń kọ àmì IP sí i lára. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn IP wà fún eruku, èkejì wà fún omi. IP65 lè fara da omi tí a tú lù ú. IP67 lè wà lábẹ́ omi tí ó jìn tó mítà 1 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. A rí méjì tí ó jẹ́ IP65, tòkunbọ̀, ní ₦48,000. Kí n tó sanwó, mo fi bátìrì rìmóòtù kékeré kan ìdí wọn fẹ́ẹ́: ojú sípíkà fò síwájú, ó sì dún "pó", láìha. Mo rí i dájú pé àwọn méjèèjì fò síwájú nígbà tí mo fi orí bátìrì kan ìdí kan náà lára wọn. Bí a bá so wọ́n ní òdìkejì ara wọn, bí ọ̀kan bá ń tì, èkejì a máa fà, béèsì a sì pòórá.

Wáyà ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì rà. Omi ọ̀sà Èkó kì í ṣe omi òkun pátápátá. Ní ìgbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn a máa tú omi tí kò níyọ̀ sí i. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun a tún gòkè wá. Iyọ̀ yìí a máa wọ inú wáyà lásán, a sì sọ bàbà inú rẹ̀ di dúdú. Wáyà ojú omi, wọ́n máa ń fi tánganran bo bàbà rẹ̀, kí iyọ̀ má baà tètè rí i mú. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ́kọ́ nà sí mi, alumíníọ́mù ni, bàbà ni wọ́n kàn fi bò ó lára. Ẹ fi ọ̀bẹ ha okùn wáyà kan: bí ara rẹ̀ bá pupa tí inú rẹ̀ sì funfun, ẹ dá a padà. Bí ara rẹ̀ bá funfun tí inú rẹ̀ sì pupa, òun lẹ ń wá. Wáyà, fíúsì, bọ́tìnnì ìpaná àti mítà gba ₦30,000. Oníṣẹ́ iná wa, tí ó gba ₦18,000, fi fíúsì ńlá sí ibi tí kò ju ìwọ̀n ìka mélòó kan lọ sí orí bátìrì. Wáyà tí ó wà láàárín bátìrì àti fíúsì kò ní ààbò. Bí ó bá kan ara wọn níbẹ̀, iná ló ń sọ, ọkọ̀ fáíbà sì ń jó.

Káfíńtà gba ₦17,000 fún àpótí méjì, wọ́n fi fáíbà bò wọ́n, a kì wọ́n sábẹ́ ìjókòó, a sì kọjú wọn sí àwọn èrò. Sípíkà tí kò ní àpótí, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń tì ń pa ti iwájú. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ fẹ́ kí a gbé ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ńpáàsì. A gbé e súnmọ́ ọn, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì náà sì yíjú pátápátá sí òòfà inú sípíkà. Wọ́n gbé e kúrò láìsọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ béèsì nìyí. Ojú omi kò ní ògiri, kò ní òrùlé. Béèsì tí ó ń mi àyà nínú mọ́tò, ṣe ni ó ń fọ́nká lórí ọ̀sà. Òun náà ló sì ń jẹ iná jù. Mo tẹ bọ́tìnnì HPF lára áńpílífáyà, tí ń dènà ohun tí ó wà lábẹ́ Hz 80. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Mo fi àpàlà Haruna Ishola sí i.

Ibi tí mo ti lo ìwé tí mo kà nìyí. Gángan ń fọhùn pẹ̀lú ohùn mẹ́ta tí èdè wa ní: ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Bí béèsì bá bò ó mọ́lẹ̀, ìlù kù, ọ̀rọ̀ lọ. Bàbá wa wà níwájú ọkọ̀, etí òsì wọn kò gbọ́ dáadáa mọ́ láti ọdún pípẹ́ tí wọ́n ti jókòó ti ẹ́ńjìnnì. Wọn kò sọ pé ó dára. Ṣùgbọ́n mo rí ẹnu wọn tí ó ń mì. Wọ́n ń sọ ohun tí ìlù ń wí kí olórin tó sọ ọ́.

Wọ́n fi òfin tiwọn lélẹ̀ kí a tó kúrò ní èbúté. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ibi tí ohùn kò gbọdọ̀ kọjá. Orin kò gbọdọ̀ dún nígbà tí a bá ń kúrò ní èbúté, nígbà tí a bá ń gúnlẹ̀, àti ní ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá. Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi ní ìtumọ̀ fèrè bí olùkọ́ tí ń bi ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ẹ̀ẹ̀kan kúkúrú: mo ń yí sọ́tùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì: mo ń yí sósì. Ẹ̀ẹ̀mẹta: ẹ́ńjìnnì mi ń fà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀: ohun tí o fẹ́ ṣe kò yé mi.

Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, àwọn aláyẹyẹ tuntun ní kí a fi kún ohùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ibi tí ọ̀dà wà nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn ń kùn títí a fi dé ọ̀nà Àpápá, tí ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí bọ́tìnnì, tí wọ́n sì pa orin. Ọkọ̀ afàkọ̀ kan fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, kúkúrú. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀tún, wọ́n dẹ ẹ́ńjìnnì, wọ́n jẹ́ kí ó kọjá.

Nígbà tí a gúnlẹ̀ ní Ìpakodo, mítà kọ 12.4. Ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́. Wọ́n tún un tàn, lásán, kí wọ́n lè gbọ́ bí ó ṣe gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àpótí ọwọ́ òsì ń gbọ̀n díẹ̀ bí ìgbì bá lù ú. Ìyàwó wọn ní ìyẹn di ìgbà tí àjọ bá tún kàn án.