Wọ́n Ní Olóṣèlú Náà Ń Ṣàìsàn: Kí Ni Kí A Gbàgbọ́?

Bí ènìyàn bá jókòó sí ìsọ̀ onígbàjámọ̀ tàbí tí ó wọ ọkọ̀ èrò, kì í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ àìsàn ọ̀kan nínú àwọn olóṣèlú wa. Ẹnì kan yóò ní kíndìnrín rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, èkejì yóò ní ọkàn ni, ẹ̀kẹta yóò búra pé ọkùnrin náà ti kú tipẹ́tipẹ́. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tí ó dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn náà rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1989, ariwo ta pé Dókítà Nnamdi Azikiwe ti kú, àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e jáde. Bàbá náà wà láàyè, kò sì kú títí di ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1996. Nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari lo ọjọ́ tí ó lé ní 100 ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2017, àwọn kan ní ó ti kú, pé ará Sudan kan tí ń jẹ́ Jibril ni ó padà wálé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ó di dandan kí òun fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Poland pé òun gan-an ni. Ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025 ni ó tó kú.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2007, wọ́n ní Alhaji Umaru Yar'Adua ti kú sí Jámánì. Ààrẹ Ọbásanjọ́ pè é lórí tẹlifóònù níwájú èrò ìpolongo, aláìsàn náà sì dáhùn. Ikú náà ni irọ́. Àìsàn kì í ṣe irọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, ó lọ sí Saudi Arabia, dókítà rẹ̀ sì ní awọ tí ó bo ọkàn rẹ̀ ni ó wú. Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2010 ni ó kú. Níbi tí òtítọ́ kò bá ti jáde, àhesọ ni yóò jókòó síbẹ̀.

Èé ṣe tí ojú fi ń tàn wá jẹ? Àmì kan ṣoṣo lè gba ọ̀nà púpọ̀ wá. Ẹsẹ̀ wíwú lè ti inú ọkàn wá, tàbí kíndìnrín, tàbí ẹ̀dọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn a máa fà á, ìjókòó pípẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú náà a sì máa fà á. Ọwọ́ gbígbọ̀n lè jẹ́ àìsàn, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ orí tàbí àárẹ̀. Ẹni tí àìsàn mú fún oṣù mélòó kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò jìn, ọrùn rẹ̀ yóò tín-ín-rín; oògùn mìíràn yóò sì mú kí ojú ẹlòmíràn kún bí ẹni tí ó sanra. Bí dókítà kò bá yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò, kò lè fi àwòrán lásán sọ ohun tí ń ṣe ènìyàn.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkínní, ta ni ó rí i? Bí ó bá ní dókítà kan ni ó sọ fún òun, ẹ rántí pé dókítà kò gbọdọ̀ tú àṣírí aláìsàn láìgba àṣẹ rẹ̀. Èkejì, ta ni yóò jèrè rẹ̀? Ìròyìn tí ó jáde nígbà ìdìbò gba ìfura. Ẹ̀kẹta, ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn, tàbí ìhòòhò rẹ̀? Bóyá Ààrẹ lè ṣiṣẹ́, ẹ̀tọ́ ará ìlú ni láti mọ̀. Òfin ọdún 1999 fi àyè sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ onímọ̀ ìṣègùn márùn-ún, tí dókítà tirẹ̀ wà lára wọn, láti yẹ̀ ẹ́ wò bí àwọn mínísítà bá ní kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ béèrè èyí láìbẹ̀rù.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti inú ilé. Bí a bá ń fi olóṣèlú kan ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò lè pa ìtọ̀ mọ́ra, ta ni ó jókòó sí yàrá kejì tí ó ń gbọ́? Ó lè jẹ́ bàbá yín ni. Ẹran ara kékeré kan wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin tí ó máa ń tóbi bí ọjọ́ orí bá ń gòkè. Òun ni ó sábà máa ń mú kí àgbàlagbà dìde sí ìtọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóru. Ó ní ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbọ́ ẹ̀rín yín kò ní sọ fún yín, yóò máa fi aṣọ bò ó títí yóò fi burú.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnu tiwa ni yóò pa aláìsàn ilé wa lẹ́nu mọ́.